Irin Tí Kì Í Mu Epo

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọlọ́kọ̀ kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, ọdún náà ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ní Ìfọ̀. Ọmọ ọmọ mi, Nàfísá, tó ń bá mi kọ ohun tí mò ń sọ yìí, ní òun lè bá mi wá ọdún náà jáde nínú fóònù òun. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà náà á rántí. Rédíò ń kígbe rẹ̀ láràárọ̀, àwọn onímọ́tò sì gbọ́, àmọ́ ta ló bá àwọn oníkẹ̀kẹ́ inú oko sọ̀rọ̀? Àgbẹ̀ á di ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, á gba apá tí bàbá rẹ̀ ń gbà, á sì pàdé lọ́rì lójúkojú. Àwọn tí Ọlọ́run yọ bọ́ sínú igbó. Kẹ̀kẹ́ wọn ni kò yọ. Wọ́n ń kó o wá síwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Làmídì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin rélùwéè, ó sì ń ga sí i bí òkìtì igi ìdáná.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó pé iṣẹ́ wo ni kẹ́ ẹ kọ́, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe láyé mi, mi ò sì kábàámọ̀ pé mo ṣe é. Ohun tí mo kábàámọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí i tí mo bá dé ibẹ̀.

Ìyá mi ló fà mí lé Ìyá Sẹ́líà lọ́wọ́, ìyàwó Bàbá Làmídì, pé kí n máa bá wọn ṣiṣẹ́ ilé. Abọ́ ni mò ń fọ̀, omi ni mò ń pọn. Lọ́jọ́ kan, Bàbá jókòó ti ríìmù kan tó ti wọ́, ìka wọn tó tóbi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ò ráyè wọ àárín sípóòkù. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi tí mo ru garawa omi ń kọjá.

“Ìwọ, sọ omi yẹn kalẹ̀. Na ìka ẹ kí n rí i.”

Ìyá Sẹ́líà ti jáde wá. “Bàbá Sẹ́líà, ọmọ tí mo gbà láti máa bá mi fọ abọ́ lẹ fẹ́ sọ di fítà?”

“Kí ni ìyàtọ̀ ibẹ̀? Ó ń fọ abọ́ lọ́dọ̀ ẹ, á máa fọ abọ́ lọ́dọ̀ mi. Tèmi kàn máa ń yí ni.”

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Kò sí àdéhùn, kò sí ayẹyẹ.

Mi ò fọwọ́ kan sípánà títí òjò fi dá, tí òjò ọdún kejì tún fi bẹ̀rẹ̀. Fífọ̀ ni mò ń fọ àwọn irin wẹ́wẹ́ nínú kẹrosíìnì, mò ń tò wọ́n sórí àpò sìmẹ́ńtì bí Bàbá ṣe tú wọn, ẹyọ tó bá ṣáájú kó ṣáájú. Bí mo bá to ọ̀kan sódì, sípóòkù ni wọ́n fi ń kan ìka mi. Agolo epo mọ́tò kan wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, ìyẹ́ àkùkọ ló sì ń gbé inú rẹ̀. Ìyẹ́ yẹn la fi ń fún kẹ̀kẹ́ lépo. Òfin Bàbá kò ju ẹyọ kan lọ: irin tó bá ń yí, ó gbọ́dọ̀ mu epo. Ṣéènì ń yí, kó mu. Pẹ́dà ń yí, kó mu. Kẹ̀kẹ́ kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí ìyẹ́ ò tíì kàn án.

Wọ́n á ní, “Irin tó ń yí tí kò rí epo mu, ìyà ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá sì jókòó lé ẹni tí ìyà ń jẹ lórí, wọ́n á jọ ṣubú ni.”

Nírọ̀lẹ́, kí a tó lọ fọ ọwọ́, wọ́n á pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbóòórùn ìka wa. Ẹni tí kò bá rùn epo, kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn, ẹ̀bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ á kéré.

Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé pẹ́dà apá kan lára kẹ̀kẹ́ Àfáà tó ń kọ́ wa ní kéú. Àfáà ti gun kẹ̀kẹ́, wọ́n ti ń lọ. Bàbá wò mí lójú.

“Ṣé o fún pẹ́dà méjèèjì lépo?”

Mo wo ilẹ̀.

Wọ́n gbá agolo mú, wọ́n gbá ọwọ́ mi mú, ló bá di eré. “Àfáà! Àfáà, ẹ dúró!” Àfáà bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí fítà tó ń sáré tẹ̀lé wọn, ni wọ́n bá túbọ̀ ń wa kẹ̀kẹ́ kíkankíkan. “Mo ti sanwó o! Làmídì, mo ti sanwó!” Gbogbo àwọn tó ń ta ọsàn létí ojú irin ń rẹ́rìn-ín. Ibi tí ọ̀nà ti gun òkè ni ọwọ́ wa ti bà wọ́n. Bàbá ní kí n kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, kí n fi ìyẹ́ kan pẹ́dà náà lójú gbogbo ayé. Wọ́n wá sọ fún Àfáà pé, “Ẹ wo ojú ẹ̀ dáadáa. Ẹni tó fẹ́ ṣe yín léṣe nìyí.”

Mo sunkún dé ilé. Láti ọjọ́ náà, mi ò fo irin tó ń yí rí. Òfin yẹn wọ inú egungun mi lọ.

Kò sì sẹ́ni tó ń dá Bàbá lóhùn. Ẹ̀gbọ́n wa kan lẹ́nu iṣẹ́, Kàsálí, dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó dà bíi pé ẹ de ìyẹn sódì.” Bàbá ò pariwo. Wọ́n ní kó gbé àpótí rẹ̀, kó máa lọ kọ́ bàbá tirẹ̀ níṣẹ́ nílé. Kàsálí lọ tòótọ́, kò sì padà. Lẹ́yìn tó lọ, Bàbá rọra tú irin náà, wọ́n tún un dè. Òdì ló wà lóòótọ́. Gbogbo wa rí i, gbogbo wa sì kọ́ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. A ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ burúkú ni.

Wọ́n fún mi ní òmìnira, mo fẹ́ ọkọ, ọkọ mi sì mú mi wá sí Mòwé. Oko ni ibí nígbà náà. Ẹni tó bá rí Mòwé òní kò lè mọ̀ pé ìgalà máa ń sọdá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹnu ọ̀nà Ọ̀fàdà ni mo pàgọ́ sí, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ru ìrẹsì ń gbà jáde. Ọkùnrin àkọ́kọ́ tó gbé kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi dúró lókèèrè, ó kọ̀ kò sún mọ́ mi.

“Obìnrin ló máa tún kẹ̀kẹ́ mi ṣe? Ṣé kò ní fi iyọ̀ sí i?”

“Bó bá nílò iyọ̀, màá fi sí i. Ẹ gbé e wá.”

Ó gbé e wá. Ìgbà tí yóò fi di ọdún méjì, èmi ni gbogbo oníkẹ̀kẹ́ láti Ọ̀fàdà dé Ìbàfò mọ̀. Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè mí, wọn ò tilẹ̀ mọ orúkọ mi.

Ṣùgbọ́n ìgbà ò lọ bí òréré. Ọ̀kadà dé. Àgbẹ̀ tó ti ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ láti ìdájí rí ohun tó ń fi epo bẹntiróòlù sáré, ṣé ẹ fẹ́ kó padà sẹ́yìn ni? Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ní kí n lọ máa ta sìmẹ́ńtì, torí gbogbo ayé ló ń kọ́lé. Mi ò lọ. Kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé tó ń ti òkè òkun dé ni mo ń tún ṣe, tí mo ń tà. Irinṣẹ́ náà yí padà. Sípánà tí mo fi gba òmìnira kò bá nọ́ọ̀tì ìgbàlódé mu mọ́. Irin tín-ín-rín tó ṣẹ́rí bí orúnkún ni wọ́n ń kì bọ inú ihò rẹ̀ báyìí. Ojú mi náà ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nínú àwọn ọmọ mi, Mújídátù nìkan ló fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Bàbá Nàfísá, Múbá, ń wa ọkọ̀. Ó ní òórùn epo kẹ̀kẹ́ ń fọ́ òun lórí. Muji ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí, lẹ́bàá agolo epo. Ohun tí mi ò lè kọ́ ọ, fóònù ló fi ń wò ó. Á gbé e ti ara ògiri, òyìnbó á máa tú kẹ̀kẹ́ nínú rẹ̀, òun náà á máa tú tirẹ̀ nílẹ̀. Bí jíà kẹ̀kẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, òun ló là á yé mi.

Lẹ́yìn àrùn tí ìjọba tìtorí rẹ̀ sé gbogbo wa mọ́lé, àwọn tó ń gbé inú ẹ̀sìtéètì bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ kí ara wọn lè yá. Òwúrọ̀ Sátidé, ẹ ó rí wọn pẹ̀lú fìlà líle lórí, ṣòkòtò tó fún mọ́ wọn nítan. Ọ̀kan nínú wọn kọ́lé sí Mágbọ̀rọ̀, Ẹnjiníà la máa ń pè é. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í gba ojú títì. Ọ̀nà oko tó lọ sí Ọ̀fàdà, tó jẹ́ òkè àti ẹrẹ̀, ni wọ́n fẹ́ràn. Ó dé lọ́jọ́ kan, ó ní kẹ̀kẹ́ tí òun ń gùn ò lágbára fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ojúlówó kẹ̀kẹ́ orí òkè lòun fẹ́, èyí tó dáa jù tó bá wà, ó sì fẹ́ kí Muji bá òun rà á.

Ó ní, “Mújídátù, bí o bá bá mi ra èyí tó dáa, tó o tò ó dáadáa, gbogbo àwa tá a jọ ń gùn ún, ọ̀dọ̀ ẹ la ó ti máa rà.”

Lẹ́yìn tó lọ, mo pe Muji jókòó. Mo ti ń rò ó láti ti ṣọ́ọ̀bù pa, torí kẹ̀kẹ́ ọmọdé nìkan kò lè bọ́ wa mọ́. Mo ní bí ti Ẹnjiníà bá yọrí, ṣọ́ọ̀bù di tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ la ó kọ sára pátákó. Bí kò bá yọrí, kó lọ wá nǹkan mìíràn ṣe kí ọjọ́ orí rẹ̀ má lọ sórí ohun tó ń kú. Ó kàn ń fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ láìdúró.

Ìlú Èkó la ti lọ rà á, níbi tí wọ́n ń kó o sí bó bá ti inú ọkọ̀ ojú omi jáde. Kẹ̀kẹ́ pọ̀ níbẹ̀ bí ewé. Ẹni tó ń tà á gbé ọ̀kan tó ń dán gbinrin wá síwájú mi, ó pọ́n bí ata.

“Màmá, ẹ wo ẹwà!”

Muji ò tilẹ̀ wò ó. Ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ ẹsẹ̀ iwájú wọn mọ́lẹ̀ bóyá á padà sókè, ó ń yí táyà, ó ń dẹtí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ìgbà tó yá, ó dúró ti ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Èyí tó dà bí ẹrẹ̀ yìí?”

“Màámi, inú ẹrẹ̀ náà ló ń lọ.”

Mo fi ọwọ́ kan gbé e, ó fúyẹ́ bí agbọ̀n òfìfo. Owó tí Ẹnjiníà fi rà á lè ra ilẹ̀ nígbà tí mo dé Mòwé. Nígbà tí a ń bọ̀, Muji kọ̀ kí wọ́n dè é sórí bọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé táyà iwájú lé títí a fi délé.

Ó fi ọjọ́ púpọ̀ tò ó. Nígbà tó parí, mo ṣe ohun tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń ṣe. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣe iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ rẹ̀, ọ̀gá àgbà ní láti fọwọ́ kàn án kó tó jáde, kí ìbùkún lè wà níbẹ̀. Mo tẹ Bàbá Làmídì láago ní Ìfọ̀. Wọ́n ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, àmọ́ wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ìyá Sẹ́líà dì wọ́n lápá mú sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, agolo epo wà lọ́wọ́ wọn tòun tìyẹ́.

Wọ́n yí kẹ̀kẹ́ náà po.

“Àgògo ẹ̀ dà?”

“Kò ní, Bàbá,” Muji dáhùn lórí ìkúnlẹ̀.

“Kẹ́ríà ńkọ́?”

“Kò ní, sà.”

“Ohun tó ń gba ẹrẹ̀ dúró lórí táyà ńkọ́?”

“Kò ní náà, sà.”

Bàbá kọjú sí mi. “Ẹni tó ta kẹ̀kẹ́ yìí fún yín ti yọ ìdajì ẹ̀ pamọ́. Ẹ padà lọ gbà á.”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá jókòó sórí àpótí, wọ́n ti ìyẹ́ bọ agolo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣéènì mu. Pẹ́dà mu. Wọ́n dé àárín táyà. Irin pẹlẹbẹ róbótó kan wà níbẹ̀ tí kò sí lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ó ń dán bí àwo fàdákà, ó sì ń bá táyà yí.

Bàbá ní, “Èyí náà ń yí. Kó mu.”

Mo rí ẹnu Muji tó là. Mo rí i, mo fi Ọlọ́run búra. Ó wo Bàbá, ó wo èmi, ẹnu náà sì padà dé. Ó sún mọ́ wọn lórí orúnkún, ó di kẹ̀kẹ́ náà mú fún wọn, ó sì ń rọra yí táyà kí ìyẹ́ lè kan gbogbo rẹ̀ yíká. Ti iwájú, ti ẹ̀yìn. Kò gbójú sókè mọ́. Èmi rò pé ọlá Bàbá ló ń bà á lẹ́rù.

Bàbá ní, “Ó ti mu àmuyó.” Wọ́n ṣe àdúà, a ṣe àmín, a sìn wọ́n dé ọkọ̀.

Nígbà tí mo padà, Muji ti gbé kẹ̀kẹ́ lọ sẹ́yìn ilé. Ó ń fi kẹrosíìnì àti àkísà nu irin náà, ó ń nù ún bí ẹni tó fẹ́ bó o láwọ̀.

“Kí lò ń ṣe?”

“Mo ní kó máa dán ni, Màámi.”

Inú mi dùn. Mo ní ọmọ yìí mọ iṣẹ́ fínnífínní.

Lọ́jọ́ kejì, kí Ẹnjiníà tó dé, Muji ní òun á kọ́kọ́ gùn ún wò. Ọ̀nà Ọ̀fàdà ní ibì kan tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ gan-an kó tó kan gọ́tà. Ibẹ̀ ló gùn ún lọ, mo sì dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, mò ń wò ó. Kẹ̀kẹ́ náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá kan tó ru ọpọ́n ìrẹsì ń sọdá nísàlẹ̀, ọmọ kékeré méjì sì di ìró rẹ̀ mú. Mo rí Muji tó fún búréèkì. Ó fún un, ó tún un fún, kẹ̀kẹ́ ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń bá òun wí. Ó pariwo kí ìyá náà yà, ìyá náà dúró gbagidi, bí ẹ̀rù ṣe máa ń ṣe èèyàn. Muji ya kẹ̀kẹ́ sínú gọ́tà.

Àwọn ọmọ náà ò fara pa. Ọpọ́n ìrẹsì ò tilẹ̀ dà. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Muji ló gba gbogbo rẹ̀.

Wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun dì í nílé ìwòsàn. Mo jókòó tì í, mò ń fi ègún tí kò kàn án bú ẹni tó ta kẹ̀kẹ́ fún wa. Ó jẹ́ kí n bú u tán.

“Màámi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ onítọ̀hún. Ara irin róbótó yẹn ni búréèkì rẹ̀ ti ń dì í mú. Irin yẹn kì í mu epo. Bí epo bá kàn án, ṣe ló máa ń yọ̀.”

“O mọ̀ bẹ́ẹ̀?”

“Mo mọ̀.”

“Nígbà tí Bàbá ń fi ìyẹ́ kàn án, o mọ̀?”

“Mo mọ̀, Màámi. Mo rò pé mo lè nù ún kúrò. Mi ò mọ̀ pé ó ti wọ inú rọ́bà tó ń dì í mú lọ.”

“Kí ló wá dé tó ò sọ̀rọ̀?”

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò mọ nǹkan kan. “Bàbá ni o, Màámi. Ọ̀gá ẹ̀yin gan-an. Ta ni mo jẹ́?”

Èmi ni mo tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. A ò bí i ní odi, ẹ̀kọ́ ilé ló pa á lẹ́nu mọ́. Gbogbo àdúgbò ló máa ń yìn mí tẹ́lẹ̀ pé ọmọ mi kì í fèsì fún àgbà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ. Bàbá gbọ́ pé Muji ṣubú, wọ́n tún wá láti Ìfọ̀. Kí wọ́n tó wọlé, Muji di aṣọ mi mú. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Ó máa pa wọ́n.” Bàbá dé, wọ́n wo ọwọ́ ọmọ, wọ́n mi orí. Wọ́n jáde lọ sídìí kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n jókòó tì í pẹ́ gan-an, wọ́n ń fi ìka wọn yí táyà. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, omi wà lójú wọn.

“Ẹ̀bi mi ni. Mi ò fún un lépo tó.”

Mo wo Muji, Muji wo mí. Mo ní, “Bàbá, kádàrá ni.” Muji ní, “Kádàrá ni, sà.” Wọ́n bá wa mu omi, wọ́n sì lọ.

Ẹnjiníà ṣe èèyàn. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní kí a má bínú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra tiwọn níbòmíràn. Ta ló máa ra kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí tirẹ̀ gbé sọ sínú gọ́tà? Nígbà tí wọ́n tú sìmẹ́ńtì ọwọ́ Muji, ọwọ́ náà jinná, àmọ́ kò lágbára àti fún nọ́ọ̀tì mọ́. Mo rí i lọ́jọ́ tó dán an wò, ó ń fún un, ó ń fún un, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gbé sípánà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tó sùn kalẹ̀. Aṣọ ọmọdé ló ń tà ní Ìbàfò báyìí, ọjà rẹ̀ sì ń tà. Ṣùgbọ́n bí oníkẹ̀kẹ́ bá kọjá, ó máa ń wojú ọjà rẹ̀ ni. Èmi náà ti ṣọ́ọ̀bù pa. Pátákó tí mo ní ká kọ orúkọ rẹ̀ sí, a ò kọ ọ́.

Bàbá Làmídì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ fìdáù wọn, Ìyá Sẹ́líà fà mí wọ yàrá.

“Ṣé o mọ̀ pé wọ́n mọ̀?”

“Kí ni wọ́n mọ̀, Màámi?”

“Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn. Wọn ò sinmi. Gbogbo ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá ni wọ́n ń dá dúró. Ọmọkùnrin kan ló wá sọ fún wọn, ó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé, ‘Bàbá, ta ló ń fi epo sí búréèkì?’ Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọn ò jẹun. Nígbà tó yá, wọ́n ní, ‘Gbogbo ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́, wọ́n bẹ̀rù mi débi pé wọ́n jẹ́ kí n ṣe ọmọ wọn léṣe.’”

“Kí ló dé tẹ́ ò pè mí? Mi ò bá mú Muji wá.”

“Mo fẹ́ pè ọ́. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní bí ẹ ò bá sọ ọ́, ẹ ò fẹ́ kí àwọn mọ̀ ni, kí n má dójú tì yín. Wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ ara wọn wá bẹ ọmọ náà. Ẹsẹ̀ ò gbà fún wọn mọ́.”

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Mo ti mọ òwe yẹn láti kékeré. Àṣé mi ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo dé láti Ìfọ̀, mo ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ mi, Múbá, Muji àti àwọn yòókù, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo ní, “Mo kọ́ yín ní ìkúnlẹ̀, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Àbọ̀ ẹ̀kọ́ ni mo kọ́ yín. Bí àgbà bá ń ba nǹkan jẹ́ lójú yín, ẹ kúnlẹ̀, kí orúnkún yín kan ilẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́. Bó bá bínú, ẹ má dìde. Bó bá lé yín, ẹ má dìde. Ẹ kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí á fi gbọ́.”

Múbá ní, “Tó bá wá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, Màámi?”

“Ọ̀dọ̀ mi ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Muji ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde lórí àga, ó wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé itan.

“Màámi, ara ló ń ro mí lọ́jọ́ tí mo ní kẹ́ ẹ má sọ fún Bàbá. Ọmọ ni mí. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ àgbà. Ó yẹ kẹ́ ẹ kọ̀ fún mi.”

Inú kọ́kọ́ bí mi, mi ò ní purọ́. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, kò dìde, títí mo fi sọ fún un pé mo gbọ́.